Ọ̀sẹ̀ Mẹ́sàn-án Nídìí Ife Sakè

Ọjọ́ Ajé, 27 Oṣù Kìíní 2025

Wọ́n mú mi! Wọ́n mú mi o! Òní ló pé ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì tí mo di ìyàwó Adéyanjú, mo sì ti rò pé ayọ̀ tí Ọlọ́run pín fún mi ti tán sí ọjọ́ ìgbéyàwó. Àṣé ó ṣì kù!

Àwa tí a ń di ẹrù sínú páálí nísàlẹ̀ ni Zoe wá bá láàárọ̀. Zoe yìí ló ń ra ọtí fún ilé iṣẹ́ wa, ìyá rẹ̀ ará Japan ni, bàbá rẹ̀ òyìnbó ọmọ Dagenham níbí. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tó máa ń tọ́ sakè, ọtí ìbílẹ̀ Japan, wò lọ́dọọdún ti lọ bímọ, kí òun tó wá ẹlòmíràn níta, òun fẹ́ dán gbogbo wa wò. Ife mẹ́ta ló gbé síwájú ẹni kọ̀ọ̀kan. Méjì jẹ́ ọtí kan náà, ìkẹta yàtọ̀. Mú èyí tó yàtọ̀. Ìgbà mẹ́sàn-án ló gbé e fún mi, ẹ̀ẹ̀mẹsẹ̀ẹ̀sán ni mo mú un. Èmi tí ọtí kò kan ẹnu mi rí! Ìrẹsì ni wọ́n fi ń pọn ọ́n, ó mọ́ gaara bí omi, ṣùgbọ́n òórùn inú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tó wà nínú ilé ìdáná méje lọ.

Oṣù Kejì àti Oṣù Kẹta ni ìtọ́wò náà. Ọgọ́ta ìgò ti wọlé láti Japan, àwa márùn-ún la ó sọ èyí tí ilé iṣẹ́ yóò máa tà. Bí máàkì mi bá dúró ṣinṣin títí dé òpin, àga náà di tèmi pátápátá, mo ti kúrò nídìí páálí. Bí kò bá dúró, mo padà sísàlẹ̀.

Ẹnì kan ló ba ayọ̀ mi jẹ́. Eden, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà, ó ní ìwé ẹ̀rí lórí wáìnì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ó tu itọ́ sínú garawa, ó nu ẹnu, ó ní, "Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ṣé wọ́n tiẹ̀ ń mu nǹkan tí kì í ṣe bíà lọ́dọ̀ yín?"

Mo ní, "Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tutọ́ máa ń sinmi kó tó sọ̀rọ̀."

Títí mo fi délé ni inú ń bí mi.


Ọjọ́rú, 29 Oṣù Kìíní

Òfin ìtọ́wò: kò sí ata láti ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú. Kò sí kọfí. Kò sí ọṣẹ ìfọyín tó ń ta lẹ́nu. Kò sí ìpara, kò sí lọ́fínńdà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Adéyanjú ra lọ́fínńdà fún mi ní ilé ìtajà Vicarage Field lọ́sẹ̀ tí a ṣe ìgbéyàwó, mo sì ti ṣèlérí pé màá lò ó títí yóò fi tán. Ọkọ mi ní, "Tọ́jú ẹ̀, ìwọ fúnra ẹ ń ta sánsán." Ẹ gbọ́ ọkùnrin!

Mọ́mì nìkan ni ìṣòro. Ilé wọn ní àdúgbò Whalebone la ń gbé, yàrá òkè. Ìyá aládùúrà tí kì í fi aṣọ funfun rẹ̀ ṣeré ni ìyá ọkọ mi, ìgò bíà tó bá yí dé iwájú ọgbà wọn, omi àdúrà ni wọ́n máa fi lé e lọ. Adéyanjú ní kí n má tíì sọ. "Jẹ́ kí àga di tìẹ ná, ká tó ṣí ẹnu."

Nígbà tí a ń jẹun, Mọ́mì ní, "Kí ni wọ́n ní kí o máa ṣe níbi iṣẹ́, tí ẹ̀yin méjèèjì fi ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́?"

Mo ní, "Omi ìrẹsì ni, Mọ́mì. A ń yẹ̀ ẹ́ wò ni."

"Omi ìrẹsì? Àwọn òyìnbó yìí náà!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo bá wọn rín in. Lẹ́yìn náà mo gòkè, inú bí mi sí ara mi.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kejì

Bíró pupa! Mi ò rí bíró pupa láti ìgbà tí mo ti ṣe ìdánwò àṣekágbá ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ife tanganran funfun ni wọ́n ń bu ọtí náà sí, òrùka aláwọ̀ aró méjì wà nísàlẹ̀ inú rẹ̀ kí ojú lè rí i bóyá ọtí náà mọ́. Wo ó, gbóòórùn rẹ̀, fa díẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, tu ú sí garawa, lẹ́yìn náà kọ ohun tí o gbọ́ àti máàkì láti oókan dé mẹ́wàá. Mo kọ ohun tí mo gbọ́. Ní ìgò kẹtàdínlógún mo kọ: "omidùn ọjọ́ kejì." Ní ìkejìdínlógún mo kọ: "ewé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ẹ̀kọ gbígbóná kúrò nínú rẹ̀." Zoe fi bíró pupa fa ìlà kọjá lórí gbogbo rẹ̀.

"Moṣọpẹ́, ta ló máa lóye èyí?"

"Èmi."

"Àwọn oníbàárà ńkọ́? Kọ mẹ́lọ́nù. Kọ píà. Kọ kírímù."

"Mi ò jẹ píà rí kí n tó wọ ìlú yìí. Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa rántí ohun tí kò kan ẹnu mi ni?"

Eden ń rẹ́rìn-ín sínú ife rẹ̀. Zoe ní kí n mú omidùn náà wá kí òun fi imú òun gbọ́ ọ, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, píà ni. Mo fẹsẹ̀ rìn nínú òjò dé Heathway dípò kí n wọ bọ́ọ̀sì, torí bí mo bá jókòó ti ènìyàn báyìí, màá bú u.


Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kejì

Òtútù mú mi, imú mi dí. Ife mẹ́wàá, mi ò gbọ́ ohunkóhun nínú mẹ́ta. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀.


Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kejì

Ìdì ògì kan ti di pọ́ùn mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù Àlájà Ṣẹ̀fíátù ní Heathway. Mo ní, "Àlájà, ṣé góòlù lẹ lọ̀ mọ́ àgbàdo ni?" Wọ́n ní, "Ìyàwó tuntun, tọ́jú ẹnu ẹ fún ọkọ ẹ." Mo sanwó, mo po ògì náà sínú omi, mo gbé e sójú fèrèsé fún ọjọ́ méjì.

Láàárọ̀ yìí mo da omidùn orí rẹ̀ sínú ìgò jáàmù, mo gbé e síwájú Zoe. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ṣí èkejì ìgò kẹtàdínlógún, ó gbóòórùn ìyẹn náà. Ó padà sí omidùn. Ó tún padà. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó kọ ọ́ sára pátákó tí gbogbo wa ń wò: OMIDÙN. Ó ní kí n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pè é.

Eden fa imú sẹ́yìn. "Ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀."

"Ìbọ̀sẹ̀ ta lo tọ́ wò rí?"

Zoe rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti gbé ife kalẹ̀. Ọlọ́run ọ̀gá ògo!


Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kejì

Ọjọ́ olólùfẹ́. Ọkọ mi gba àyè kúrò nídìí bọ́ọ̀sì tó ń wà, ó wá se ọbẹ̀ adìyẹ fún mi, ó gbé àbẹ́là sórí tábìlì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ràn. Mo sún mọ́ ìkòkò náà, omi bọ́ lójú mi. Ata rodo tó wà níbẹ̀ lè jí òkú. Ọ̀la Sátidé sì rèé, Zoe ti fi ìtọ́wò kan sí i.

"Adé mi, mi ò lè jẹ ẹ́."

Ó wò mí. "Moṣọpẹ́, ṣé ìyàwó ni mo fẹ́ ni, àbí ahọ́n?"

"Ahọ́n náà ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fún ọ níwájú pẹpẹ."

Ó bínú. Èmi náà bínú, mo ní ta ló ní kó da odidi àpò ata sínú ọbẹ̀ ẹni tó ń ṣe ìdánwò? Ó jáde sílé ìdáná, mo gbọ́ tí omi ń ya. Nígbà tí mo yọjú, ọkọ mi ń fi omi gbígbóná ṣan ata kúrò lára itan adìyẹ níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí tán, síbẹ̀ ó ń ṣe mí bíi kí n tún un fẹ́.


Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kejì

Zoe pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó gbé ìwé máàkì mi méjì sílẹ̀. Ọtí kan náà ni, mo fún un ní méje lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo fún un ní mẹ́rin ààbọ̀ lónìí. Mo mọ ìdí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, kí n tó kọ tèmi, Eden ti ní, "Á-à! Èyí dára o."

"Eden ló fà á," ni mo wí.

"Eden kọ́ ló mú kálàmù rẹ lọ́wọ́."

Ó dùn mí torí pé òótọ́ ni. Zoe ní ọjọ́ kẹfà Oṣù Kẹta ni ìparí. Ọtí kan yóò wà tí yóò jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú ife ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó ń bu ọtí lẹ́yìn ilẹ̀kùn nìkan ló máa mọ̀ ọ́n. Bí máàkì mi lórí méjèèjì bá fi ju ààbọ̀ lọ jìnnà síra, mo ti padà sídìí páálí. Ó tún rán mi létí pé bí ìpíndọ́gba máàkì àwa márùn-ún lórí ọtí kan kò bá pé mẹ́fà, ilé iṣẹ́ kò ní rà á, àwọn tó pọn ọ́n yóò dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ó ní, "Kì í ṣe eré tí a ń ṣe láàárín ara wa."

Láti òní lọ, òwú ni màá máa ki bọ etí.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

Ọ̀la ni ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀, Mọ́mì ti dáná tùràrí láti ọ̀sán, èéfín ti gòkè dé yàrá wa.

Wọ́n bi mí ní, "Ọjọ́bọ̀ ni ìdánwò ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Lórí omi ìrẹsì náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n wò mí pẹ́. "Ó dáa," ni wọ́n wí.


Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti ya á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Láàárọ̀, Mọ́mì ní kí n kúnlẹ̀ kí àwọn gbàdúrà fún mi. Mo kúnlẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì tó tutù ni wọ́n gbé lé mi lórí, mo rò pé omi àdúrà ni, wọ́n fi ra irun mi, wọ́n fi pa ọrùn kóòtù mi, wọ́n ń ké pe Ọlọ́run tí ń bo àṣírí. Mo ṣe àmín, mo sáré jáde kí bọ́ọ̀sì má fi mí sílẹ̀. Mi ò gbọ́ òórùn kankan. Ọjọ́ kẹta rèé tí tùràrí ti ń jó nínú ilé, ó ti wọ aṣọ, ó ti wọ bẹ́ẹ̀dì, ó ti wọ inú imú mi. Ta ló ń gbọ́ òórùn ilé ara rẹ̀?

Ìgò mẹ́rìnlá ni Magdalene láti ọ́fíìsì ti ṣí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. A jókòó. Mo gbé ife kìíní sí imú: òdòdó. Ife kejì: òdòdó. Mo rò pé àwọn ọtí tó ń rùn bí òdòdó ni wọ́n tò síwájú. Ní ife kẹta, Eden gbé tirẹ̀ kalẹ̀.

"Ta ló gbé ṣọ́ọ̀ṣì wá síbí?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Zoe dìde, ó ń gbóòórùn èjìká wa níkọ̀ọ̀kan. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró.

"Jáde."

Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

Wọ́n ṣí fèrèsé, òtútù wọlé, òórùn náà kò jáde. Sakè tí wọ́n bá ti ṣí kì í sì dúró bó ṣe wà di ọ̀la. Mẹ́wàá nínú ìgò náà ní èkejì nínú fíríìjì. Mẹ́rin kò ní. Àwọn tó pọn mẹ́rin yẹn kò tóbi, ìgò kọ̀ọ̀kan ni agbára wọn gbé láti fi ránṣẹ́ la òkun kọjá. Iṣẹ́ ọdún kan àwọn ènìyàn, orí irun mi ló parí sí.


Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta

Mi ò tíì pariwo mọ́ ìyá ọkọ mi rí. Mo ti ṣe é báyìí.

"Mọ́mì, kí lẹ fi sí mi lórí lánàá?"

Wọ́n ń ro àmàlà ààwẹ̀ wọn lọ́wọ́. "Lọ́fínńdà àdúrà ni. Ṣé wọ́n gbà ọ́?"

"Wọ́n lé mi! Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí wọ́n lé mi! Ta ló rán yín níṣẹ́?"

Adéyanjú sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. "Moṣọpẹ́! Mọ́mì lò ń bá sọ̀rọ̀ yẹn o."

"Mo mọ̀ wọ́n!"

Mọ́mì pa gáàsì. Wọ́n fi orógùn lé ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, wọ́n nu ọwọ́.

"Omi ìrẹsì," ni wọ́n wí. "Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ọtí ti ń rùn lára aṣọ ẹ. Ṣebí èmi ni mò ń kó o sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo rò pé ọmọ tí ọmọ mi fẹ́ ń mutí ní kọ̀rọ̀. Mi ò sọ fún ọkọ ẹ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kàn ń gba ààwẹ̀. Nígbà tó o ní ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, mo ní ọmọ yìí kò gbọdọ̀ rùn bí ọtí níwájú àwọn tó fẹ́ fún un níṣẹ́. Odidi ìgò ni mo dà sí àtẹ́lẹwọ́ tí mo fi pa ọ́ lórí. Mo fi bo àṣírí ẹ ni, Moṣọpẹ́."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé ìdáná, mo sọ gbogbo rẹ̀: ọtí ni, sakè ni, iṣẹ́ mi ni láti tọ́ ọ wò kí n sì tu ú dànù.

"O ń tu ú dànù?"

"Gbogbo ẹ̀, mà."

"Kí wá ni o ń fi irọ́ ṣe? Ká ní o sọ fún mi, màá ti bá ọ jà fún ọjọ́ méjì, ó tán."

Wọ́n tan gáàsì padà. Àmàlà náà ti di kókó.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Mo sọ fún Adéyanjú pé, "Ìwọ lo ní kí n má sọ." Ó ní, "Mo mọ̀." Ó lọ kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀ níwájú mi, ó ní òun ló kọ́ mi ní irọ́ náà. Wọ́n ní kó dìde, pé orúnkún rẹ̀ ń dọ̀tí rọ́ọ̀gì. Inú ń bí mi sí wọn méjèèjì, inú sì ń bí mi jù pé mi ò rí ẹni tí inú bíbí náà yẹ.


Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta

Mo ti padà sídìí páálí. Ní àkókò ìsinmi mo gòkè lọ bá Zoe.

"Àwọn mẹ́rin náà ńkọ́?"

"A ó kọ̀wé sí wọn pé kò ṣeé ṣe lọ́dún yìí."

"Láì sọ ìdí?"

"Kí ni kí n sọ? Pé ìyá ọkọ ẹnì kan gbàdúrà?"

"Kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Òun ló ṣẹlẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wá ibi tí òórùn ti ń wá. Ó ní, "Ìwọ kọ ọ́. Èmi á túmọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìgò mìíràn ránṣẹ́, ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù la ó tún un ṣe, ìwọ náà á jókòó, bí a ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ náà ni. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, ó parí nìyẹn."

Mo kọ ọ́. Mi ò fi iyọ̀ sí i. Mo ní irọ́ tí mo pa fún ìyá ọkọ mi ló mú kí wọ́n da lọ́fínńdà sí mi lórí, lọ́fínńdà náà ló ba ìtọ́wò jẹ́, ọtí yín kò jẹ̀bi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un tọ́ wò.


Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹta

Èsì ti dé. Ọ̀kan kọ̀, ó ní òun kì í bá àwọn aláwàdà ṣòwò. Ibi tí mo wà nídìí páálí ni mo ti bú u ní Ìjẹ̀bú, Ọlọ́run dárí jì mí. Méjì ní ìgò ń bọ̀, wọn kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un.

Ìkẹrin jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan láti ìlú tí Zoe ní yìnyín ibẹ̀ máa ń ga ju ènìyàn lọ. Òun ló kọ̀wé gígùn. Ó ní òun ka ìwé mi fún ìyàwó òun, ìyàwó òun sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ń pọn sakè, èèwọ̀ ni kí òṣìṣẹ́ kankan jẹ ẹ̀wà kan báyìí tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀ títí yóò fi máa yọ̀ tí yóò sì máa rùn, torí ohun tó wà lára rẹ̀ lè ba gbogbo ìrẹsì jẹ́. Mo ní, "Irú ni!" Zoe ní ó jọ ọ́. Bàbá náà ní lọ́dún tí òun gbéyàwó, ìyá ìyàwó òun fi ìfẹ́ sè é, ó gbé odidi agbọ̀n kan la yìnyín kọjá wá fún àwọn òṣìṣẹ́ òun láti fi jẹun àárọ̀. Odidi àgbá ọtí kan ni wọ́n dà nù.

Ìparí ìwé náà rèé, Zoe kà á lẹ́ẹ̀mejì fún mi: "Ẹ má bá ìyá yín jà pẹ́. Èmi bínú sí ìyá ìyàwó mi fún ọdún méjì. Ní ọdún kẹta wọ́n kú. Ìgò mi ń bọ̀."

Mo ka á fún Mọ́mì nílé ìdáná. Wọ́n di etí abọ́ ìfọwọ́ mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ó gbé irú wá! Ìyá yẹn gbé irú wá!" Ojú wọn ń ṣomi. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n tún ìparí yẹn kà.


Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kẹta

Ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dé. Láti ọjọ́ Àìkú ni Mọ́mì ti gbé ohun èlò tùràrí wọn sí ẹ̀yìnkùlé, inú òtútù ni wọ́n ti ń gbàdúrà, bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí aṣọ funfun. Wọ́n ti fi ọṣẹ tí kò ní òórùn fọ gbogbo aṣọ mi.

"Ẹ ṣeun, mà."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ṣì ń bínú."

"Èmi náà ṣì ń bínú, mà."

"Ó dáa. Gbé ìkòkò yìí bá mi."


Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kẹta

Ife mẹ́rìnlá. Nọ́ḿbà nìkan, Magdalene ń bu ọtí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òwú wà ní etí mi méjèèjì. Eden gbóòórùn èjìká mi kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Kò sí nǹkan kan. Ó tiẹ̀ ń ṣe mí bíi pé mò ń retí ẹ̀."

Ife kìíní, méje. Ìkejì, méje ààbọ̀. Ìkẹta dára lójú, ó mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, páálí tí òjò pa jókòó sí ẹ̀yìn ahọ́n mi, kò dìde. Ẹni tó bá ti di ẹrù nílé ìkẹ́rùsí lọ́jọ́ òjò mọ òórùn yẹn. Mẹ́rin. Mo ń lọ. Nígbà tí mo dé ife kẹwàá, páálí tún rèé. Mi ò wo ẹ̀yìn. Mẹ́rin.

Zoe ka máàkì wa jáde. "Ife kẹta àti ìkẹwàá, ọtí kan náà ni. Moṣọpẹ́, mẹ́rin, mẹ́rin. Eden, mẹ́fà, méje ààbọ̀." Ojú Eden pọ́n. Zoe na ọwọ́ sí mi. "Àga ti di tìẹ."

Mo fò! Mo fò mọ́ Zoe, mo fò mọ́ Magdalene, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò mọ́ Eden. Ó ní, "Mo kórìíra ẹ," ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́ dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni Zoe yí ìwé orúkọ àwọn tó ni ọtí sí òkè.

Ti Bàbá ni. Ife kẹta, ife kẹwàá, ti Bàbá tó kọ̀wé sí mi ni. Bí a bá pa ife méjèèjì pọ̀, àwọn yòókù fún un ní mẹ́fà, mẹ́fà ó lé. Tèmi ló fà á wálẹ̀. Ìpíndọ́gba rẹ̀ kò pé mẹ́fà. Ká ní mo fún un ní mẹ́fà, ì bá wọlé.

"Ṣé mo lè yí i padà?"

"Kí lo gbọ́ nínú ife náà?"

"Páálí tí òjò pa."

Ó tì í síwájú mi. "Ṣé ó ti kúrò níbẹ̀, nísinsìnyí tó o ti mọ ẹni tó ni ín?"

Mo gbé e sí imú. Mo bẹ Ọlọ́run, mi ò purọ́, mo bẹ Ọlọ́run pé kó ti kúrò.

"Ó ṣì wà níbẹ̀."

"Nítorí ìyẹn ni mo ṣe fún ọ ní àga," ni Zoe wí, ó sì kó ife náà lọ fọ̀.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹta

Adéyanjú gbé mi yí po ilé ìdáná láàárọ̀ títí tí ìdí mi fi gbá tábìlì. Ó ra málítì, ó ra kéèkì, ó ń pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní gáréèjì bọ́ọ̀sì níkọ̀ọ̀kan: "Ìyàwó mi ni ọ̀gá ahọ́n!" Mo rẹ́rìn-ín, mo fẹnu kò ó lẹ́nu, mo sì bú sẹ́kún. Inú ń bí mi. Inú ń bí mi sí Zoe, inú ń bí mi sí ọtí náà, inú ń bí mi sí ahọ́n tó wà lẹ́nu mi tí kò mọ olóore.

Mọ́mì ní, "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún lọ́jọ́ ayọ̀?"

Mo sọ fún wọn.

"Ṣé ọtí náà ti bàjẹ́ ni?"

"Ó ti ń bàjẹ́, mà. Ó jọ pé ọ̀rinrin wà níbi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí."

"Ṣé bàbá náà mọ̀?"

"Kò jọ pé ó mọ̀. Zoe ní imú àgbàlagbà lè máà gbọ́ ọ mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì lè máà fẹ́ sọ."

Mọ́mì gé kéèkì, wọ́n ti àwo náà sọ́dọ̀ mi. "Á jẹ́ pé ibẹ̀ náà ló máa tọ́jú ti ọdún tó ń bọ̀ sí."

Mo ti jókòó sídìí fèrèsé láti aago mẹ́wàá. Oòrùn ràn díẹ̀, ó ti lọ. Zoe ti gbà láti túmọ̀ ohunkóhun tí mo bá kọ, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní bá mi fi ṣúgà sí i, òun kò sì ní bá mi yọ nǹkan kúrò. Bébà mẹ́rin ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èyí tó wà níwájú mi ni mi ò tíì ya:

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Àwa méjì ti parí ìjà, èmi àti ìyá ọkọ mi, bí ẹ ṣe wí. Èmi ni mo fún ọtí yín ní mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀mejì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọmọ kan tí kì í bẹ̀rù yín, kí ẹ jọ lọ sí ibi tí ẹ ń tọ́jú ìgò sí, kí ẹ ní kí ó fi ọwọ́ kan ògiri."